Àwọn Ìyá Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ Fẹ́ Dá Owó Táyà: Ṣé Ti Ẹrẹ̀ Ni Kí Wọ́n Rà?

Lẹ́tà tí mo fẹ́ dáhùn lọ́sẹ̀ yìí wá láti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀. Ìyá kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ló ní kí ọmọ òun bá òun kọ ọ́. Ibi tó ṣe kókó nínú rẹ̀ nìyí:

"Ọmọ wa, a kí ọ o. Àwa mẹ́jọ la jọ ń háyà jíìpù kan lọ kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lóko. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹrẹ̀ mú wa mọ́lẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ méjì la lò níbẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n sórí ọkọ̀, iye tí a rí gbà lórí rẹ̀ kò tó owó ọkọ̀. Ní báyìí, dẹ́rẹ́bà wa ní kí a dá owó jọ, kí a bá òun ra táyà ẹrẹ̀ mẹ́rin, pé òun á máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó ẹrù wa. Ẹnì kan nínú wa ní ẹ̀tàn ni. Ṣé kí a dá a, àbí kí a má dá a?"

Ìyá mi, mi ò rò pé ẹ̀tàn ni. Owó táyà kì í ṣe kékeré mọ́, pàápàá láti 2023 tí náírà ti já wálẹ̀ tí ìjọba sì yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Dẹ́rẹ́bà tó bá ní kí oníbàárà bá òun dá sí i kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé táyà tó ń bèèrè kọ́ ni ọkọ̀ yẹn nílò. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ yẹ̀ wò nìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó tú ìdí aṣọ.

Ẹni tó bá mọ Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ á mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni ọkọ̀ yín ń tọ̀. Ọ̀kan ni títì ọlọ́dà, tí ọkọ̀ Ọ̀wọ̀, ọkọ̀ Benin àti ọkọ̀ Àbújá ń sáré lórí rẹ̀ bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Èkejì ni ọ̀nà oko, tí agbégilódò tó ń kó gẹdú ti gbẹ́ di kòtò gígùn méjì, tí odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ tó ń ṣàn bọ̀ láti ilẹ̀ Èkìtì sì ń sọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ di àbàtà nígbà òjò. Táyà kan náà ló máa rin ọ̀nà méjèèjì. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Oríṣi táyà mẹ́ta ló wà fún jíìpù àti píkọ́ọ̀pù. Àkọ́kọ́ ni táyà títì, H/T ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i lára. Ojú rẹ̀ tẹ́jú, ilà tínrín-tínrín ló wà níbẹ̀. Ìkejì ni mo máa pè ní táyà gbogbo-ọ̀nà, òun ni A/T. Eyín rẹ̀ tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, àlàfo àárín eyín náà sì fẹ̀ díẹ̀. Ìkẹta ni táyà ẹrẹ̀ gan-an, M/T: eyín gàǹgà-gàǹgà, tí wọ́n jìnnà síra wọn bí eyín bàbá àgbà tó ti ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun ni àwọn ọmọkùnrin ìsinsìnyí fẹ́ràn láti fi sẹ́sẹ̀ jíìpù nítorí fáàrí, kódà àwọn tí kò kúrò lórí títì láti January dé December.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gún iyán, ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣòro fún yín. Bí iyán bá ti lẹ̀ mọ́ orí ọmọ odó yíká, ọmọ odó ò ní gún nǹkan kan mọ́, á kàn máa yọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni táyà títì nínú ẹrẹ̀. Kó tó yí lẹ́ẹ̀mejì, ẹrẹ̀ á ti dí gbogbo ilà rẹ̀, á dán bọ̀rọ́, á wá máa yí lójú kan. Bó sì ṣe ń yí lójú kan yẹn, ilẹ̀ ló ń gbẹ́. Dẹ́rẹ́bà tí kò mọ̀ á tún tẹ iná mọ́ ọn, ọkọ̀ á sì gbẹ́ sàréè ara rẹ̀. Ti táyà ẹrẹ̀ yàtọ̀. Àlàfo rẹ̀ fẹ̀ débi pé bí táyà ti ń yí, ó ń ju ẹrẹ̀ inú rẹ̀ nù, eyín á tún rí ilẹ̀ tuntun mú.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí mi ò wá ní kí ẹ sáré lọ rà á?

Nítorí títì ọlọ́dà ni. Táyà tí àlàfo pọ̀ lára rẹ̀, rọ́bà díẹ̀ ló ń kan títì. Bí òjò bá rọ̀ tí dẹ́rẹ́bà tẹ bíréèkì lójijì, ọkọ̀ á ṣì rìn síwájú ju bó ṣe yẹ lọ kó tó dúró. Tírélà tó wà níwájú yín ò ní bèèrè irú táyà tí ẹ fi sẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta, ó ń jẹ epo sí i, eyín gàǹgà wọ̀nyẹn sì máa ń tètè jẹ tán lórí ọ̀dà gbígbóná. Táyà tí ẹ dá owó rà, tí ẹ rò pé ẹ máa lò fún ọdún mẹ́ta, ó lè máà tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Nítorí náà, ẹ ṣírò ọ̀nà. Láti ibùdó oko yín dé etí títì, máìlì mélòó ni? Láti etí títì dé ibi tí ẹ ń já ẹrù sí ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé nínú máìlì mẹ́wàá, méjì tàbí mẹ́ta péré ni ẹrẹ̀, táyà gbogbo-ọ̀nà ni kí ẹ rà. Àmọ́ bí ọkọ̀ náà bá ń gbé inú oko láti òwúrọ̀ dalẹ́, tó jẹ́ pé etí títì ló ń já ẹrù sí kí ọkọ̀ mìíràn tó gbé e lọ sí Àkúrẹ́, táyà ẹrẹ̀ ló tọ́ sí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má fi du dẹ́rẹ́bà. Ẹ tún wo irú ilẹ̀ tí ẹ ń kọjá. Ilẹ̀ pupa olókùúta wẹ́wẹ́, táyà gbogbo-ọ̀nà á rìn ín dáadáa. Ilẹ̀ àmọ̀ dúdú létí odò, tó ń lẹ̀ mọ́ bàtà bí ọ̀dà, ìyẹn nìkan ló ń wá táyà ẹrẹ̀ ní dandan.

Kòtò agbégilódò yẹn ńkọ́? Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí o. Ẹsẹ̀ agbégilódò ga ju ti jíìpù yín lọ. Bí jíìpù bá kó sínú ipa ẹsẹ̀ rẹ̀, ilẹ̀ tó wà láàárín á gbé ikùn ọkọ̀ dúró, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má kan ilẹ̀ gidi. Kò sí táyà tó lè gba ọkọ̀ tí ikùn rẹ̀ ti jókòó. Ṣọ́bìrì kan, pákó méjì tó nípọn, okùn tó yi dáadáa, ìwọ̀nyí ló ń gbani nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn kò sì tó owó táyà kan. Bó bá ṣeé ṣe, kí dẹ́rẹ́bà gbé ẹsẹ̀ kan sórí òkè àárín náà, kí ẹsẹ̀ kejì wà lẹ́bàá ọ̀nà.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ yẹ̀ wò kí owó tó jáde. Ẹ ní jíìpù ni. Ṣé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ló ń fà ní tòótọ́? Jíìpù tòkunbọ̀ wà tí àwọn mẹ́káníìkì ti yọ ṣáàfù iwájú rẹ̀ nítorí pé ó bàjẹ́, kò sì sẹ́ni tó sọ fún oníbàárà. Ẹ sọ fún dẹ́rẹ́bà kó ki fọ́ọ̀-wíìlì bọ̀ ọ́ nínú ẹrẹ̀, kí ẹnì kan dúró lọ́ọ̀ọ́kán lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó wo táyà iwájú. Bí ti ẹ̀yìn bá ń yí tí ti iwájú dúró gbagidi, àìsàn ọkọ̀ yín kì í ṣe ti táyà. Bó bá ń fà dáadáa náà, kí dẹ́rẹ́bà rántí yọ ọ́ tó bá ti dé orí títì gbígbẹ, kí ó má baà ba gíà jẹ́. Kó sì má rò pé fọ́ọ̀-wíìlì ń bá bíréèkì ṣiṣẹ́ o. Ó ń ran ọkọ̀ lọ́wọ́ láti lọ, kò ràn án lọ́wọ́ láti dúró.

Ó kù bí ẹ ṣe máa rà á. Ẹ lọ pẹ̀lú dẹ́rẹ́bà, kí ẹ mú ọmọ tó mọ̀wé dání. Lára táyà, ẹ máa rí nǹkan bíi 265/70R16. 265 ni bí táyà ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà. 70 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ rẹ̀. 16 ni ìwọ̀n rímù tó máa gbà á. Èyí tó wà lára ilẹ̀kùn ọkọ̀ tàbí nínú ìwé rẹ̀ ni kí ẹ bá lọ. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, tí ẹ wá fi táyà ńlá sí iwájú, kékeré sí ẹ̀yìn, gíà rẹ̀ ò ní pẹ́ fọ́.

Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ló kan ẹ̀yin ẹlẹ́rù jù lọ. Bí wọ́n bá kọ 100 síbẹ̀, táyà kan lè ru 800 kílò. 112 jẹ́ 1,120 kílò. 121 jẹ́ 1,450 kílò. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ sì wà nínú ẹrù yẹn. Ẹ jẹ́ ká ní píkọ́ọ̀pù kan ń gbé 900 kílò sórí táyà ẹ̀yìn méjèèjì láìtíì kó nǹkan kan. Bó bá jẹ́ táyà 100 ló wà níbẹ̀, 1,600 kílò ni méjèèjì lè ru, ó ku 700 péré fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti fún ẹ̀yin tí ẹ jókòó lé e. Ẹ̀yin mẹ́jọ nìkan ńkọ́? (Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni sanra o.) Táyà tó bẹ́ lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ tí wọ́n ní ayé ló ṣe é, ẹrù ló ṣe òmíràn nínú wọn. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun ti ra 121, kó wá di ẹrù dé ojú ọ̀run. Sípíríngì náà ní ìwọ̀n tirẹ̀, nǹkan bíi 1,000 kílò sì ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù láti kó.

Ẹ tún wá DOT, kí ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbẹ̀. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Àwọn SON tó ń bójú tó ojúlówó ọjà ní ọdún mẹ́rin ni kí á lo táyà mọ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é, àwọn Road Safety náà kò yé pariwo rẹ̀. Táyà tó ti gbó lè ní eyín púpọ̀, kó máa dán bí tuntun, nígbà tí rọ́bà inú rẹ̀ ti gan. Nítorí náà, bí oníṣọ́ọ̀bù bá gbé táyà ẹrẹ̀ tòkunbọ̀ wá, tó ní eyín rẹ̀ ṣì ga, ẹ ka ọjọ́ orí rẹ̀ kí ẹ tó ka eyín rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ tilẹ̀ ti fi òfin de kíkó táyà àlòkù wọ̀lú, àfi ti ọkọ̀ ńlá tí wọ́n fẹ́ tún rọ́bà rẹ̀ bọ̀. Ẹ sì ń rí i lójú títì lójoojúmọ́.

Ó dùn mí láti sọ èyí: igi rọ́bà wà nínú ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí tí wọ́n ń dá lójoojúmọ́. Michelin pa iléeṣẹ́ táyà rẹ̀ ní Port Harcourt ní 2007, Dunlop ti Ìkẹjà náà dáwọ́ dúró ní 2008. Kí ló wá dé tí táyà ò ní gbówó lórí?

Ti afẹ́fẹ́ kì í gba àkókò. Nínú ẹrẹ̀, bí gééjì bá ń ka 35 tẹ́lẹ̀, kí dẹ́rẹ́bà dín in kù sí 25 kí táyà lè tẹ́ sílẹ̀ kó rí ilẹ̀ mú. Bí ẹrù bá pọ̀, kó má dín in tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó gun títì, dandan ni kó dúró lọ́dọ̀ fọ́kanáísà kó fún un padà. Táyà tí afẹ́fẹ́ kò tó nínú rẹ̀, bó bá ń sáré pẹ̀lú ẹrù, gbígbóná ló ń gbóná títí á fi bẹ́. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má jẹ́ kí ìkánjú ọjà mú yín sọ pé "Dẹ́rẹ́bà, máa lọ jàre."

Èsì mi sí lẹ́tà yín nìyí. Ẹ dá owó náà. Táyà gbogbo-ọ̀nà mẹ́rin ni kí ẹ rà, tuntun, ìwọ̀n kan náà, tí nọ́ńbà ẹrù rẹ̀ tó, àyàfi tí ìṣirò máìlì yín bá fi hàn pé ẹrẹ̀ ló pọ̀ jù. Ìyàtọ̀ owó rẹ̀ sí ti ẹrẹ̀, bó bá wà, ẹ fi ra ṣọ́bìrì, okùn àti gééjì. Kí risíìtì wà ní orúkọ ẹgbẹ́ yín, kí ẹ kọ nọ́ńbà DOT mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìwé, kí dẹ́rẹ́bà tẹ̀ka sí i. Iye tó máa yọ nírìn-àjò kọ̀ọ̀kan, kí ó wà níbẹ̀. Bó bá fẹ́ ta jíìpù kó tó san tán, ẹ̀yin lẹ ni ẹsẹ̀ rẹ̀.

Bàbá káfíńtà tó kọ̀wé láti Oǹdó lórí jẹnẹrétọ̀ tó ń yọ èéfín dúdú, mo ti rí lẹ́tà yín. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.