Eré Ìje Kò Sọ Ọmọbìnrin Di Àgàn

Bí ọmọbìnrin bá ń sá eré ìje, kò ṣòro láti rí àgbà tí yóò kìlọ̀ pé ilé ọmọ rẹ̀ yóò bàjẹ́. Bàbá tí ó bá gba èyí gbọ́ a fa ọmọ rẹ̀ kúrò ní pápá, ṣùgbọ́n kò tíì fọwọ́ kan ibi tí ewu wà.

Kì í ṣe eré ni ó jẹ̀bi, ebi ni. Àgbẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ tí a ń gbin iṣu sí lọ́dọọdún láìsan ohunkóhun padà fún un kò ní pẹ́ ṣá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ara obìnrin. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ju oúnjẹ rẹ̀ lọ, ọpọlọ a dá àṣẹ tí ó ń rán sí ibi ẹyin dúró, nǹkan oṣù a sì dáwọ́ dúró. Egungun pẹ̀lú a di ẹlẹgẹ́, débi pé ó lè sán láìsí ìṣubú. Ní ọdún 2014 Ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì Àgbáyé fi yé gbogbo ènìyàn pé àìtó oúnjẹ ni gbòǹgbò àìsàn yìí, àti pé ó ń bá ọkùnrin pẹ̀lú jà.

Ní ilẹ̀ òkèèrè, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ni ó ń fi ebi pa ara wọn kí wọ́n lè fúyẹ́. Ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti wà láti ọdún 2011, akẹ́kọ̀ọ́ tí ń dáná fúnra rẹ̀ lè pa oúnjẹ jẹ nítorí àìlówó, kí ó sì sáré ní àárọ̀. Ara kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ebi àmọ̀ọ́mọ̀ àti ebi àìní.

Nítorí náà, olùkọ́ eré tí ń yin ọmọbìnrin nítorí pé ó rù, tàbí tí ń pe àìrí nǹkan oṣù ní àmì ìsapá, ni ó yẹ kí a bá wí. Nígbà tí Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 dá àkọsílẹ̀ ayé tuntun sílẹ̀ nínú eré àfofò ní ọdún 2022, agbára ni ó fi ṣe é, kì í ṣe ebi.

Kí ìyá bi ọmọ rẹ̀ nípa nǹkan oṣù láìtijú. Bí ó bá tó oṣù mẹ́ta tí kò rí i, tàbí bí ó bá pé ọmọ ọdún 15 tí kò tíì bẹ̀rẹ̀, kí ó mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, nítorí oyún tàbí àrùn mìíràn lè fa irú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òun kò lè lóyún nígbà náà. Ẹyin lè jáde kí nǹkan oṣù tó padà.

Bí oúnjẹ bá pọ̀ sí i, tí eré sì dínkù díẹ̀, nǹkan oṣù sábà máa ń padà. Ṣùgbọ́n egungun tí ó sọnù nígbà èwe lè má padà tán. Nítorí náà kí òbí má gba pápá lọ́wọ́ ọmọbìnrin. Iyán, ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja ni kí wọ́n fi sí abọ́ rẹ̀, kí ó tó sáré àti lẹ́yìn tí ó bá sáré tán.