Ìwọ̀n Eku ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ẹ̀rọ Ìjórin Wo ni Kí Baálé Ilé Rà?

  

Lẹ́tà kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti Àrìgìdì Àkókó, mo sì rò pé ó yẹ kí gbogbo wa jùmọ̀ gbé e yẹ̀ wò. Ọ̀dọ́ abilékọ kan tí ó ti bí ọmọ mẹ́ta ni ó kọ ọ́. Ó ní iṣẹ́ wẹ́dà ni ọkọ òun ń ṣe, ojúdé ilé wọn náà ni ó sì pa àtíbàbà iṣẹ́ rẹ̀ sí. Ẹ̀rọ ìjórin kékeré tí ọkọ náà ń lò láti ìgbà tí ó ti gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ kò lágbára mọ́. Bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ tí ó tóbi wá, ńṣe ni wọ́n ń gbé e kọjá lọ sí Ìkàrẹ́. Nísinsìnyí, ọkọ ti rí ẹ̀rọ àlòkù ńlá kan tí wọ́n kó ti òkè òkun dé, ó sì fẹ́ kí ìyàwó òun yọ̀ǹda owó èésú tí yóò kó ní ìparí oṣù. Bẹ́ẹ̀ ni owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ni ìyàwó ń dá èésú náà sí. Ó béèrè pé: "Ìyá wa, bí mo bá kọ̀, wọn yóò ní n kò fẹ́ kí ọkọ mi ga. Bí mo bá gbà, tí ẹ̀rọ náà kò sì ṣiṣẹ́, kí ni àwọn ọmọ yóò fi wọ ilé-ìwé?"

Ọmọ mi, ìbéèrè rẹ kì í ṣe ti àìgbọràn. Owó ilé ni owó náà, ojúdé ilé ni iṣẹ́ náà sì wà. Ọ̀rọ̀ tìrẹ náà ni. Má ṣe sọ fún ọkọ rẹ pé "N kò fún yín." Má sì ṣe kó owó lé e lọ́wọ́ láìbéèrè nǹkan kan. Ní alẹ́, nígbà tí ó bá jẹun tán tí ara rẹ̀ sì balẹ̀, jókòó tì í, kí o sì wí fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé: "Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí wò kí a tó sanwó." Nǹkan mẹ́ta ni ẹ ó yẹ̀ wò.

Èkíní ni irú iṣẹ́ tí ó ń wọlé. Ẹ mú ìwé, kí ẹ kọ ogún iṣẹ́ tí ó gbẹ̀yìn sílẹ̀, èyí tí ó ṣe àti èyí tí ó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Irin ojú fèrèsé, ilẹ̀kùn, géètì, àga, ẹsẹ̀ táǹkì omi: ọ̀pá ìjórin tí àwọn wẹ́dà ń pè ní géèjì 12 àti géèjì 10 ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú wọn. Géèjì 12, tí ó tó nǹkan bí mìlímítà 2.5 ní ìpọn, ń fẹ́ agbára bí áńpù 60 sí 90. Géèjì 10, tí ó tó mìlímítà 3.2, ń fẹ́ bí áńpù 90 sí 130. Ọ̀pá tí ó tó mìlímítà 4, èyí tí ó wà fún irin tí ó nípọn gan-an bíi ti abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù, ń fẹ́ bí 140 sí 180. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí ó lè fún wẹ́dà ní áńpù 160 ní tòótọ́ ti tó fún iṣẹ́ ojúdé ilé. Àfi bí ìwé yín bá fi hàn pé iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ni ó ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ni kí ẹ máa wá èyí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo sọ pé "ní tòótọ́," nítorí pé nọ́ńbà ńlá ara páálí kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ wo ìdá ìsinmi tí wọ́n kọ sí ara ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá kọ 60 nínú 100 sí ẹ̀gbẹ́ áńpù 160, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú ìṣẹ́jú 10, ó lè jórin fún ìṣẹ́jú 6, kí ó sì sinmi fún ìṣẹ́jú 4. Bí ó bá jẹ́ 20 nínú 100, ìṣẹ́jú 2 péré ni yóò fi ṣiṣẹ́, yóò sì fi 8 sinmi. Ẹni tí ó fẹ́ fi ẹ̀rọ bọ́ ọmọ mẹ́ta kò gbọdọ̀ ra èyí tí ó ń sùn ju bí ó ti ń ṣiṣẹ́ lọ.

Èkejì ni iná ilé yín, ibí yìí gan-an ni ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ wà. O kọ ọ́ pé o rí 380 lára ẹ̀rọ náà, ẹni tí ń tà á sì ní agbára rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ mi, padà lọ wò ó dáadáa. Bí lẹ́tà V bá tẹ̀lé 380 náà, kì í ṣe áńpù. Fóòtì ni, ìyẹn irú iná tí ẹ̀rọ náà ń jẹ. Ẹ̀rọ tí ó bá ń jẹ 380 tàbí 400 nìkan, iná ilé-iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe é fún. Okùn iná kan ni ó wọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé wa, fóòtì rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 230 lọ. Bí ẹ bá gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ dé Àrìgìdì, ẹ ó kàn ra irin tútù ni. Àwọn kan wà tí wọ́n kọ 220 àti 380 pọ̀ sí lára, tí a lè yí sí èyí tí a fẹ́; ìyẹn lè ṣiṣẹ́ nínú ilé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tan án níṣojú yín lórí okùn iná kan kí ẹ tó sanwó.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ̀rọ tiransifọ́mà, èyí tí ó wúwo tí ó ní okùn bàbà wíwé nínú, lè fa tó áńpù 30 lára iná ilé nígbà tí ó bá ń fi 100 jórin. Ẹ̀rọ ínfátà, èyí tí ó fúyẹ́ tí a lè fi ọwọ́ kan gbé, lè ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú bí 18. Púlọ́ọ̀gì inú ilé kò sì ju áńpù 13 lọ. Ìdí rẹ̀ nìyí tí okùn fi ń yọ́, tí iná fi ń ṣẹ́jú ní ilé aládùúgbò, tí ìjà fi ń bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn obìnrin tí kò mọ ohun tí áńpù jẹ́. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná fa okùn nípọn ọ̀tọ̀ láti ìdí mítà wá sí àtíbàbà, kí ó ní bírékà tirẹ̀ àti okùn tí ó wọlẹ̀.

Bí jẹnẹrétọ̀ bá ni ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, kékeré tí a fi ń tan gílóòbù àti tẹlifíṣọ̀n kò lè gbé e. Ínfátà tí ń fi áńpù 100 jórin ń fẹ́ jẹnẹrétọ̀ bí KVA 5. Tiransifọ́mà ń fẹ́ tó 8. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, gbogbo wa ni a mọ bí owó epo ti rí. Ẹ ka epo mọ́ iye ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tí kò wọ́n lọ́jà lè wá wọ́n ní ìdí epo.

Ẹ̀kẹta ni tuntun tàbí àlòkù. Ẹ má ṣe rò pé tuntun ló dára ní gbogbo ìgbà. Tiransifọ́mà àlòkù tí okùn bàbà rẹ̀ ṣì pé lè pẹ́ ju ọmọ ọwọ́ yín lọ, bí ó bá sì jó, àwọn tí ń wé okùn ẹ̀rọ lè tún un wé. Ínfátà kì í jẹ iná púpọ̀, ṣùgbọ́n eruku irin àti iná tí ń lọ tí ń bọ̀ lè ba ọpọlọ inú rẹ̀ jẹ́, kì í sì í ṣe gbogbo oníṣẹ́ ni ó lè tún un ṣe. Bí iná bá sì wálẹ̀ jù, ọ̀pá ìjórin yóò máa lẹ̀ mọ́ irin, ẹ̀rọ yòówù tí ẹ ìbáà rà.

Bí ẹ bá fẹ́ ra àlòkù, ẹ mú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n dání. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ń rùn bí ohun tí ó jóná, ẹ padà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ṣí i, kí ẹ lè mọ̀ bóyá okùn bàbà pupa ni ó wà nínú rẹ̀ tàbí alumíníọ́mù funfun. Èyí tí ó jẹ́ alumíníọ́mù kò gbọdọ̀ gba owó bàbà. Kí ọkọ rẹ fúnra rẹ̀ fi géèjì 10 mẹ́rin tàbí márùn-ún jórin léraléra níbẹ̀, kí ó sì fọwọ́ kan okùn rẹ̀ bóyá ó gbóná. Lẹ́yìn náà, ẹ gba ìwé tí ó sọ iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà. Ẹni tí kò bá fẹ́ kọ ìwé yìí ti fún yín ní èsì.

Ẹ̀yin ìyá, ohun kan tún kù tí ó jẹ́ tiwa gan-an. Bí ẹ̀rọ bá ti lágbára sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń burú sí i fún ojú. Nígbà tí àkọ́bí mi wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, ó dúró wo wẹ́dà tí ń ṣe fèrèsé wa. Kò sọ nǹkan kan ní ọ̀sán. Ní òru ni ó bẹ̀rẹ̀ sí ké pé yanrìn wà lójú òun. Mo fún omi ọyàn àbúrò rẹ̀ sí i lójú bí àwọn àgbà ti ń ṣe, ẹkún náà kò dáwọ́ dúró. Nọ́ọ̀sì ni ó là mí lọ́yẹ̀ lọ́jọ́ kejì pé ìtànṣán iná náà ni ó bó ojú ọmọ, pé ó sábà máa ń farahàn lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, àti pé kí n má ṣe fi ohunkóhun sí ojú ọmọ mọ́ bí kò ṣe ohun tí ilé ìwòsàn bá fún mi. Bí ọjọ́ méjì ni ojú rẹ̀ fi bọ̀ sípò. N kò gbàgbé òru náà.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ fi páànù tàbí aṣọ nípọn tí kò lè tètè gbiná dá àtíbàbà náà yí ká. Kí baálé lo ìbòjú wẹ́dà tí díńgí rẹ̀ tó nọ́ńbà 10. Díńgí oòrùn lásán kò tó. Kí sílíńdà gáàsì àti kẹ́ẹ̀gì epo jìnnà síbẹ̀. Kí ó má ṣe jórin lórí ilẹ̀ tútù tàbí nínú òjò, kí ó má sì jó dúrọ́ọ̀mù tàbí táńkì epo láé, ìbáà tilẹ̀ ti gbẹ, nítorí ooru epo tí ó kù nínú rẹ̀ lè bú gbàù. Èéfín irin tí a fi síńkì bò ń fa ibà. Kí ó ṣe é níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Mílíìkì tí àwọn kan ń mu kì í gbani lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wá ku owó. Ọmọ mi, ìmọ̀ràn mi nìyí: yọ owó ilé-ìwé táàmù kan sọ́tọ̀ kúrò nínú èésú náà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Fi ìyókù ran ọkọ rẹ lọ́wọ́, kí òun náà wá tirẹ̀ kún un. Bí kò bá tó, ẹ dúró oṣù díẹ̀, tàbí kí ẹ yá nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, bí ogún iṣẹ́ tí ẹ kọ sílẹ̀ bá fi hàn pé ẹ lè san án. Kí ẹ sì jọ lọ sí Ìkàrẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ ó rà á. Ọkọ kò ní lè sọ pé ìyàwó dí òun lọ́wọ́; ìyàwó kò sì ní lè sọ pé wọn kò fi ọ̀rọ̀ lọ òun.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà. Ọlọ́run yóò fi èrè sí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọkọ wa, yóò sì pa ojú àwọn ọmọ wa mọ́. Ó di oṣù tí ń bọ̀.