Ẹ Má Fi Abẹ Kan Kókó Náà



Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Àjàṣẹ́ àti ní àwọn abúlé tó yí i ká, bí ẹ bá wọ ilé ìdáná ní àárọ̀, ẹ ó gbọ́ ohùn kan tí ń ké "wíì, wíì" lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Kọ́báì ni. Ó jọ ẹmọ́, ṣùgbọ́n kò ní ìrù. Ó ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹni tí ń gbé koríko bọ̀. Àwọn Faransé tún ń pè é ní ẹlẹ́dẹ̀ Íńdíà. Kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀, kò sì ti Íńdíà wá. Àwọn ará orí òkè Pérù, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ di ẹran ilé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Lónìí ó ti di ará ilé wa. Ọmọdé lè sìn ín, owó rẹ̀ sì ń ra ìwé àti kálámù.

Ọ̀rọ̀ kọ́báì tó ti dàgbà, tí kókó sì yọ sí lára, ni mo fẹ́ bá yín sọ. Èrò mi kò gùn: ẹ má gé kókó náà, ẹ má fún ẹran náà ní oògùn tí ẹ kò mọ̀, ẹ má sì gbé e lọ tà fún ẹlòmíràn. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀, kí ẹ sì fi ẹran náà han dókítà ẹran. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín. Wọn yóò ní, "Kí ni ti ẹran tí kò tó adìyẹ, tí a ó máa gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà?" Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú wa rí.

Ìyá mi ní kọ́báì kan, abo, funfun tí ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú. Ó ti lé ní ọdún 5 lọ́dọ̀ wọn. Kọ́báì tí a bá tọ́jú dáadáa sábà máa ń lo ọdún 5 sí 8 láyé, nítorí náà arúgbó ni. Oyún kọ́báì máa ń tó ọjọ́ 68 kí ó tó bí. Ó sábà ń bí ọmọ 2 sí 4, àwọn ọmọ náà á ti ní irun lára, ojú wọn á sì ti là ní ọjọ́ tí a bí wọn. Owó irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi fi ń ra ìwé fún àbúrò mi. Nígbà tí ẹran náà kò bímọ mọ́, ìyá mi kò pa á. Wọ́n ní, "Ó ti ṣiṣẹ́ fún mi tó. Ẹ fi í sílẹ̀ kó sinmi."

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, wọ́n fọwọ́ pa á lára, wọ́n bá kókó kan lábẹ́ ọ̀fun rẹ̀. Ó tó hóró èkùrọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òmíràn yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Obìnrin kan ládùúgbò ní ọwọ́ ayé ni. Ẹ̀gbọ́n mi gbé abẹ wá, ó ní kí a là á kí ohun inú rẹ̀ jáde. Ìyá mi kò gbà. Ṣùgbọ́n èmi tí mo rò pé mo mọ̀wé jù wọ́n lọ, mo lọ ra hóró oògùn pẹnisílìn lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri oògùn. Mo pò ó mọ́ omi, mo sì dà á sí i lẹ́nu. Ní ọjọ́ kejì, kò jẹun mọ́. Ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, a bá òkú rẹ̀ nídìí ìkòkò omi. Àwọn kókó náà ṣì wà bí wọ́n ti wà. Títí di òní, a kò mọ ohun tí wọ́n jẹ́.

Ìyá mi kò bá mi wí. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Lẹ́yìn náà ni dókítà ẹran kan là mí lóye. Nínú ikùn kọ́báì, àwọn kòkòrò kéékèèké tí ojú kò lè rí ni ń bá a da koríko. Pẹnisílìn àti àwọn oògùn tó bá a tan, bí amọksisílìn, ń pa àwọn kòkòrò rere náà. Àwọn búburú á wá gbilẹ̀, wọ́n á sì tu májèlé sínú ìfun rẹ̀. Oògùn tí ń wo ènìyàn sàn lè pa kọ́báì láàárín ọjọ́ díẹ̀. Oògùn mìíràn wà tí dókítà lè lò fún un, ṣùgbọ́n òun ló mọ̀ ọ́n, òun ló sì mọ ìwọ̀n rẹ̀.

Kókó kò jẹ́ ohun kan náà. Èyí tó yọ lábẹ́ ọ̀fun tàbí lábẹ́ àgbọ̀n lè jẹ́ oówo. Koríko líle tàbí igi ṣóńṣó á gún un lẹ́nu, kòkòrò àrùn á wọlé, ọrùn á sì gba ọyún. Irú èyí ń ran àwọn kọ́báì yòókù. Bí ẹ bá fi abẹ là á nínú ilé ìdáná, ọyún á dà sílẹ̀ níbi tí àwọn yòókù ń jẹun, á sì kan ọwọ́ yín. Kòkòrò inú rẹ̀ lè ran ènìyàn pẹ̀lú. Nítorí náà, bí ẹ bá ti rí kókó ní ọ̀fun, ẹ ya ẹran náà sọ́tọ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fọwọ́ kàn án.

Kókó orí ẹ̀yìn, nítòsí ìdí, sábà máa ń jẹ́ ti gbòǹgbò irun, kì í sì í yára pa ẹran. Ibẹ̀ náà ni ibi kan wà tí òróró ti ń jáde lára akọ. Àwọn kan ti fi í pe àrùn. Kókó rírọ̀ tí ń yẹ̀ lábẹ́ awọ lè jẹ́ ọ̀rá lásán. Èyí tó bá yọ nídìí ọmú ni kí ẹ má fi falẹ̀, ìbáà ṣe akọ ìbáà ṣe abo, nítorí ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Bí ikùn abo tó ti dàgbà bá wú, tí irun sì ń re ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ẹ má rò pé oyún ni. Omi lè ti gbá jọ sí ilé ẹyin rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé orúnkún ló wú, tí kò fẹ́ rìn, ó lè jẹ́ pé kò rí ewé tútù jẹ. Ara kọ́báì, bíi ti àwa ènìyàn, kò lè ṣe fítámìn C fúnra rẹ̀. Koríko gbígbẹ ìgbà ọyẹ́ kò tó o. Ẹ wá ewé ànàmọ́ fún un, tàbí gúáfà díẹ̀.

Ṣé ẹ rí i? Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Nígbà mìíràn dókítà fúnra rẹ̀ ní láti fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú kókó náà wò.

Níbí ni ìwé tí ẹ ń kọ́ ti wúlò. Dókítà yóò bi yín pé, "Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó ń tóbi sí i?" Ẹni tí kò kọ nǹkan á ní, "Ó ti pẹ́ díẹ̀." Ẹ̀yin ti lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

"4 oṣù kejì. Kókó 1, abẹ́ ọ̀fun. Ó tó hóró àgbàdo. Ó ń jẹun. Gíráàmù 900."

Ẹni tí ń ta ẹja tútù ní òṣùwọ̀n. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó bá yín wọn ẹran náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí ó bá ń fọn, ẹ tètè lọ, bí kókó náà kò tilẹ̀ tóbi sí i.

Òótọ́ ni pé owó dókítà lè ju owó kọ́báì kan lọ. N kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n bí oówo ọ̀fun bá ran ogún tó wà nínú àgò, mélòó ni ẹ ó pàdánù? Ní ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ ìlera ẹran bá wá fún ewúrẹ́ àti àgùntàn ní abẹ́rẹ́, ẹ gbé kọ́báì yín jáde sínú agbọ̀n, kó bá yín wò ó.

Ní ti àwọn tí ń sáré gbé irú ẹran bẹ́ẹ̀ lọ sọ́jà kí kókó tó hàn, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń sùn. Opó kan lè fi owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ rà á, kó gbé e sáàárín àwọn tirẹ̀. Bí ẹran tó ti gbó bá sì ní kókó tí a kò mọ̀, ẹ má sè é jẹ kí dókítà tó sọ̀rọ̀. Bí kò bá ṣeé wò sàn, ẹ jẹ́ kó máa gbé níbi gbígbẹ tí àwọn ọ̀dọ́ kò ti ní máa tì í, kí ẹ fún un ní ewé rírọ̀ àti omi mímọ́. Bí ìrora bá pọ̀, dókítà lè bá yín fi oògùn mú un sùn.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kọ́báì funfun náà ṣì wà lọ́dọ̀ ìyá mi. Òun náà ti ń dàgbà, kókó sì ti yọ sí i lẹ́yìn, nítòsí ìdí. Dókítà ti wò ó, ó ní kí a fi í sílẹ̀, kí a máa ṣọ́ ọ. Ìyá mi ti lọ sí kíláàsì àgbà ní ọdún tó kọjá. Wọn kì í jẹ́ kí n bá wọn kọ ọ́ mọ́. Ohun tí mo bá nínú ìwé wọn ní ọ̀sẹ̀ tó lọ nìyí:

"Kókó kò yí padà. Gíráàmù 850. Ó jẹ ewé ànàmọ́ tán, ó tún ń ké."