Ọwọ́ Ni Kí Àbúrò Wa Kọ́kọ́ Kọ́

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí a jọ wà ní Ugbowo, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kì í ṣe ti ìdánwò tiwa. Ti àwọn àbúrò wa tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní sẹ́kọ́ńdírì ni. Ilé tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò sí kò pọ̀. Òun ni ó máa ń ya àwòrán sí ẹ̀yìn ìwé ìṣirò. Bí a bá délé fún ìsinmi, yóò gbé e wá kí a bá òun wò ó, nítorí ó gbà pé ẹni tó wà ní yunifásítì mọ ohun gbogbo. Kí ni a máa ń sọ fún un?

Àwọn kan nínú wa yóò ní, “Pa èyí tì jàre, lọ kàwé rẹ.” Àwọn mìíràn yóò yìn ín títí, wọn yóò ní, “Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni, ìwọ ṣáà máa ya ohun tó bá wá sí ọ lọ́kàn.” Ìdáhùn méjèèjì kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ti àkọ́kọ́ ń pa iná ọmọ náà. Ti èkejì ń tàn án jẹ. Èrò tèmi ni pé àtinúdá kì í ṣàdédé já bọ́ láti òkè. Ọwọ́ tó ti kọ́ṣẹ́ ni ó lè sọ ohun tí ọkàn ń rò.

Ẹ jẹ́ kí a wo Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí a bí ní 1882. Kò rí olùkọ́ tí yóò kọ́ ọ ní àwòrán yíyà nígbà èwe rẹ̀. Àwòrán inú ìwé ni ó ń wò yà títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ́ ọn. Ní 1920 ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ ọ sí i. Nígbà tó padà dé ní 1922, ó ń ti ilé ìwé kan bọ́ sí òmíràn ní Èkó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ. Wọ́n sọ ọ́ ní “Mr. Perspective”, nítorí kò yéé kọ́ wọn bí ohun tó wà lókèèrè ṣe ń kéré lójú ju èyí tó wà nítòsí lọ. Òun náà ló rọ ìjọba kí wọ́n mú olùkọ́ iṣẹ́ ọnà wá, tí Kenneth Murray fi dé ní 1927. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Murray yàtọ̀: iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ àti ìgbé ayé ìlú wọn ni ó fẹ́ kí àwọn ọmọ gbájú mọ́. Ta ni ó jàre?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí tiwa ló dáhùn. Ní 1958, ní Zaria, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tó padà di Yunifásítì Ahmadu Bello ní 1962, Uche Okeke, Demas Nwoko, Yusuf Grillo ọmọ Èkó, Bruce Onobrakpeya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ìlànà òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ́ wọn ní kíláàsì. Wọn kò sá fún iṣẹ́ kíláàsì náà. Wọ́n ṣe é. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń pàdé, tí wọ́n ń jiyàn, tí wọ́n ń ṣèwádìí ọnà ìlú wọn. Wọ́n ní kí a mú èyí tó dára nínú ti àjèjì, kí a mú èyí tó dára nínú tiwa, kí a pò wọ́n pọ̀. Ẹ wo iṣẹ́ Grillo: ẹ ó rí ẹ̀kọ́ ilé ìwé nínú bí ó ṣe pín ojú àwòrán, ẹ ó sì rí aró aláró nínú búlúù rẹ̀.

Àwa tí a wà ní Benin kò tilẹ̀ ní láti wá àpẹẹrẹ jìnnà. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì láti Ugbowo dé Ring Road, kí ẹ rìn lọ sí òpópó Igun. Ìtàn kan sọ pé Ilé-Ifẹ̀ ni Ọba Oguola ránṣẹ́ sí kí wọ́n fún òun ní ọ̀gá tí yóò kọ́ àwọn ènìyàn òun ní iṣẹ́ idẹ. Amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ inú ère. Wọn a fi ìda bò ó, wọn a fín gbogbo ọnà sára ìda náà, wọn a tún fi amọ̀ bò ó. Bí iná bá mú un, ìda yóò yọ́ jáde, wọn yóò sì da idẹ yíyọ́ sí àyè rẹ̀. Ọnà tí a kò bá fín dáadáa sára ìda, idẹ kò ní bá wa tún un ṣe.

Ìdí nìyí tí inú fi ń bí mi sí àṣà kan. Ọmọ SS3 yóò fún ayàwòrán ẹ̀bá títì lówó kó bá òun ṣe iṣẹ́ tí olùkọ́ fún un. Àwọn ti ìsinsìnyí tún ń ní kí kọ̀ǹpútà yà á fún wọn. Máàkì lè wọlé o. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ìkòkò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ síwájú rẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìdánwò, ta ni yóò bá a yà á?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni kí a sọ fún àbúrò wa.

Èkíní, kó ní ìwé àwòrán kan tí yóò máa yà sí lójoojúmọ́. Kó má wo kàlẹ́ńdà yà. Ọwọ́ ara rẹ̀, odó ìyá rẹ̀, ewúrẹ́ tó sùn sábẹ́ igi, ìyá alákàrà, gbogbo wọn ni kó yà. Kó kọ ọjọ́ sí i, kó má sì fa èyí tí kò dára ya.

Èkejì, kó mọ iṣẹ́ àgbà kan dunjú: Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, Arẹ̀ógún ará Òsì, tàbí àwọn ìyá aládìrẹ Abẹ́òkúta. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Lamidi Fakeye tí a bí sí ìdílé agbẹ́gi ní Ìlá Ọ̀ràngún, tí ó sì ti ń gbẹ́gi láti kékeré, ṣì lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bandele ọmọ Arẹ̀ógún.

Ẹ̀kẹta, kó mú kókó kan, kó ṣe é ní ìgbà mẹ́wàá. Bí òjò nínú ọjà bá ni, kó fi pẹ́ńsù yà á, kó fi yíǹkì yà á, kó fi ọ̀dà kùn ún, kó wò ó láti òkè, kó wò ó láti abẹ́ agboòrùn. Ẹ̀ẹ̀kan àkọ́kọ́ yóò jọ ti gbogbo ayé. Ìkẹwàá ni yóò jọ tirẹ̀. Ẹni tó bá ń fojú sí Yaba, Auchi, Ifẹ̀ tàbí ọgbà Ekehuan tiwa níhìn-ín, kó tọ́jú gbogbo rẹ̀, kó lè fi ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó dé hàn.

Àwa ńkọ́? Kí a bá a ra bébà àti ọ̀dà dípò ìyìn òfo. Kí a sì bá bàbá àti ìyá wa sọ̀rọ̀, nítorí wọ́n ń gbọ́ tiwa ju tirẹ̀ lọ. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí ọmọ náà bá tún gbé ìwé rẹ̀ wá, ẹ má ṣe sọ pé ó dára tàbí kò dára. Ẹ bi í pé, “Èyí tí o yà lánàá dà?”