Kí a tó ṣí pọ́ǹpù, ẹ jẹ́ kí a kọ iye rẹ̀ sílẹ̀

Bí ọkọ̀ akẹ́rù kan bá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ní Parakou, tí awakọ̀ rẹ̀ sì ń ráhùn pé kò lágbára mọ́, ohun tí ó sábà máa ń tọrọ ni pé kí ọ̀gá bá òun ṣí pọ́ǹpù díẹ̀. Ọ̀gá yóò mú sípánà, yóò yí ìdè kékeré kan tí ó wà lára pọ́ǹpù gasoil, ọkọ̀ yóò sì sáré ju ti àná lọ. Awakọ̀ á sanwó, á sì máa lọ. Lójú tiwa, iṣẹ́ tí a kò wọn nǹkan kan kí a tó ṣe é, tí a kò sì kọ nǹkan kan sílẹ̀ nígbà tí a ṣe é tán, ó kù díẹ̀ káàtó, àní bí ọkọ̀ náà bá ń fò bí ẹyẹ.

A kò dá àwọn awakọ̀ lẹ́bi. Láti Parakou dé Malanville, ó lé ní kìlómítà 300. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Djougou lọ sí Natitingou yóò pàdé àwọn òkè Atacora. Ní àkókò òwú, ẹrù a máa ga bí ilé lórí ọkọ̀. Ọkọ̀ tí kò lè gun òkè ń jẹ àkókò, àkókò sì ni owó awakọ̀. Ó tọ́ kí ènìyàn wá agbára. Ibi tí agbára ti ń wá gan-an ni ó yẹ kí a mọ̀.

Ẹ wo ààrò ìdáná. Bí ìyá kan bá ki igi kún ẹnu ààrò títí tí kò fi sí àyè fún afẹ́fẹ́, iná kò ní pọ̀ sí i. Èéfín ni yóò pọ̀, ojú á sì máa ta ìyá náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ́ńjìnì rí. Gasoil kò lè jó láìsí afẹ́fẹ́. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe dá ẹ̀rọ tí à ń pè ní turbo. Èéfín gbígbóná tí ń jáde kúrò nínú ẹ́ńjìnì ni ó ń yí ohun kékeré kan bíi fáànù. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan so fáànù yìí mọ́ òmíràn, èyí kejì sì ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnì. Afẹ́fẹ́ tí ó pọ̀ sí i ni ó ń jẹ́ kí epo tí ó pọ̀ sí i lè jó tán. Ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan, Alfred Büchi, ni ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n yìí ní ọdún 1905. Ó tó nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà kí wọ́n tó fi í sínú ọkọ̀ ojú omi méjì ní ilẹ̀ Jámánì: ẹ́ńjìnì tí ó ní agbára ẹṣin 1750 di ti 2500.

Kí ni ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà, bí a bá yí ìdè pọ́ǹpù nìkan? Epo pọ̀ sí i, afẹ́fẹ́ kò tó. Ọkọ̀ lè lágbára sí i, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èéfín dúdú á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Èéfín dúdú yẹn, gasoil tí a fowó rà tí kò jó tán ni. Ooru inú ẹ́ńjìnì náà á sì ga. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ písítìnnì a máa yọ́ ní nǹkan bí 660 dígírì. Èéfín ẹ́ńjìnì tí epo rẹ̀ ti pọ̀ jù lè gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú turbo lè yí ju ìgbà 100 000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, orí ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ó sì ti ń yí. Bí ọ́ìlì náà bá jó, turbo ti lọ nìyẹn. Ìdí nìyí tí awakọ̀ tí ó mọṣẹ́ kì í fi í pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀ nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè tán. Ó ń jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta, kí ọ́ìlì lè mú kí turbo tutù.

Nǹkan mìíràn tún wà tí àwọn ọ̀gá àtàtà mọ̀ dáadáa. Nígbà púpọ̀, kì í ṣe agbára tuntun ni ọkọ̀ ń wá, agbára tirẹ̀ ni ó sọnù. Eruku ọyẹ́ ti dí asẹ́ afẹ́fẹ́ pa. Rọ́bà tí ń gbé afẹ́fẹ́ láti turbo lọ sínú ẹ́ńjìnì ti ya. Rédíétọ̀ tí ń mú afẹ́fẹ́ náà tutù ti kún fún ẹrẹ̀, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ gbígbóná kì í ki tó èyí tí ó tutù. Ẹni tí ó bá wakọ̀ ní Parakou nínú oṣù kẹta ọdún mọ ohun tí à ń sọ. Kí a nu asẹ́, kí a di rọ́bà, owó rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ìdè pọ́ǹpù yá ju bẹ́ẹ̀ lọ láti yí.

Ẹ fi ojú inú wo ọkọ̀ kan tí ó kọjá lọ́dọ̀ ọ̀gá mẹ́ta. Èyí tí ó wà ní Bohicon yí ìdè díẹ̀. Èyí tí ó wà ní Parakou kò mọ̀, òun náà tún yí i. Ẹni kẹta, ní Kandi, rí èéfín dúdú, ó rò pé ẹnu tí ń fọ́n epo ni ó bàjẹ́, ó sì ní kí olówó ra tuntun. Olówó rà á, èéfín kò dá. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí tí kò mọṣẹ́. Ohun tí wọn kò ní ni ìwé kékeré kan nínú ọkọ̀, níbi tí ẹni ìṣáájú ti sọ ohun tí ó ṣe fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Lórí ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù, ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é fi òjé di ìdè náà. Bí òjé bá ti já, tí ìwé kò sì sí, ta ni yóò mọ ibi tí ìdè wà tẹ́lẹ̀?

Kíkọ rẹ̀ kò le. Ọjọ́ iṣẹ́, iye kìlómítà ọkọ̀, agbára tí turbo fi ń ti afẹ́fẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀, iye ìgbà tí a yí ìdè, agbára afẹ́fẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, àwọ̀ èéfín. Ohun ìwọ̀n tí ó ní ọwọ́ bí aago ni a fi ń mọ agbára afẹ́fẹ́ náà, nọ́ńbà sì wà lójú rẹ̀ kedere. Yorùbá ni kí a fi kọ ọ́, bí Yorùbá bá ni a mọ̀ ọ́n kọ. Fún àwọn ọkọ̀ tuntun tí kọ̀ǹpútà ń darí epo wọn, ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ le jù: ẹni tí ó fi kọ̀ǹpútà tirẹ̀ yí ètò inú ọkọ̀ padà kò fi àmì kankan sílẹ̀ tí ojú lè rí. Kí olówó ọkọ̀ béèrè pé kí ó tọ́jú ètò àtijọ́, kí ó sì fún òun ní ìwé.

Agbára tí a fi kún ẹ́ńjìnì kò fi kún bíréèkì. Òfin UEMOA ti ọdún 2005 lórí ìwọ̀n ẹrù sọ pé ọkọ̀ tí ó tóbi jùlọ pàápàá kò gbọdọ̀ wúwo ju tọ́ọ̀nù 51 lọ, tẹrù tọkọ̀. Ọ̀gá tí ó bá ṣí pọ́ǹpù kí awakọ̀ lè kó ju ìyẹn lọ, ó yẹ kí ó rántí ọmọ iṣẹ́ tí ó jókòó lórí ẹrù náà.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ wa kàn jùlọ. Ọ̀pọ̀ wọn kò lọ sí ilé ìwé, Faransé sì ni gbogbo ìwé tí ó bá ọkọ̀ wá. A ń bẹ àwọn ẹgbẹ́ mẹkáníìkì, a sì ń bẹ àwọn tí ń ṣètò ìdánwò CQM, pé kí kíka ohun ìwọ̀n àti kíkọ ìwé iṣẹ́ wà lára ohun tí wọn yóò máa dán àwọn ọmọ wò, ní èdè tí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá lè kà: Yorùbá, Baatọnum, Dendi tàbí Fọ̀n.