Bíréèkì Ló Ń Gbọ̀n, Owó Oṣù Dẹ́rẹ́bà Ni Wọ́n Ń Gé

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kan ẹni tó ń wa ọkọ̀, ó sì kan ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé iṣẹ́ ní ìdájí.

Ilé iṣẹ́ kan wà tí a kò ní dárúkọ. Bọ́ọ̀sì rẹ̀ ń kó òṣìṣẹ́ láti Sángo lọ sí Ìkẹjà. Bí dẹ́rẹ́bà bá ti tẹ bíréèkì, sítíárìn a máa gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀. Èsì tí máníjà fún un ni pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wúwo jù. Wọ́n ra dísìkì tuntun, wọ́n sì yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù dẹ́rẹ́bà. Kò pé oṣù mẹ́ta, ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ gé owó náà lẹ́ẹ̀kejì ni ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa.

A bi wọ́n léèrè pé: bí ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà bá ló ba dísìkì jẹ́, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò? Ta ló wọ̀n ọ́n? Kò sẹ́ni tó lè dáhùn.

Àwọn mẹkáníìkì tó wà nínú ẹgbẹ́ wa gbé ọkọ̀ náà sókè, wọ́n tú taya. Kí ni wọ́n bá níbẹ̀? Ìpẹtà ni, ní ojú họ́ọ̀bù tí dísìkì ń jókòó lé. Ẹni tó fi dísìkì tuntun sí i kò ha ìpẹtà náà kúrò. Nọ́ọ̀tì taya kan le bí òkúta, èkejì rẹ̀ kò le tó, nítorí ọmọ iṣẹ́ ló gun orí sìpánà, tó ń fi ẹsẹ̀ tì í. Dísìkì tuntun jókòó ní wíwọ́. Dísìkì tó bá wọ́ a máa ha páàdì ní gbogbo ìgbà tí taya bá yí, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ tẹ bíréèkì. Díẹ̀díẹ̀, ojú kan a fẹ́lẹ́ ju òmíràn lọ. Ìyàtọ̀ tí kò tó ìpọn irun orí ti tó láti mú sítíárìn gbọ̀n. Ìdí nìyí tí kò fi gbọ̀n lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é, tó wá ń gbọ̀n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá!

A kò sọ pé dẹ́rẹ́bà kò lè jẹ̀bi láé. Ẹni tó bá ń tẹ bíréèkì láti orí òkè dé ìsàlẹ̀, dípò kó fi jíà kékeré sọ̀ kalẹ̀, tó wá dúró tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pinpin nígbà tó gbóná janjan, ó lè mú kí páàdì lẹ̀ mọ́ dísìkì lójú kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi tí a kò wádìí, a kì í dá a.

Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń wádìí rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n láìtẹ bíréèkì, ẹ kọ́kọ́ wo taya àti wíìlì. Bó bá jẹ́ ìgbà tí a tẹ bíréèkì nìkan, tí sítíárìn sì ń gbọ̀n, iwájú ni kí ẹ wò. Bó bá jẹ́ ìjókòó ló ń gbọ̀n, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀yìn, kí dúrọ́ọ̀mù má rí roboto mọ́. Ọkọ̀ tó ní ABS lè máa lu ẹsẹ̀ nígbà tí a bá tẹ bíréèkì lójijì pẹ̀lú agbára. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe, kò bàjẹ́.

Lẹ́yìn èyí, kí mẹkáníìkì fi géèjì sí ojú dísìkì, kó yí i, kó rí i bóyá ó wọ́. Kó wọn ìpọn rẹ̀ ní ojú púpọ̀. Ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ fẹ́lẹ́ jù sábà máa ń wà lára dísìkì fúnra rẹ̀. Èyí tó bá ti fẹ́lẹ́ jù, kí wọ́n má gbé e lọ fún tọ́nà láti fá. Kí wọ́n ra tuntun fún ọ̀tún àti òsì. Kó yẹ kálípà wò bóyá ó ń yọ̀ dáadáa, kó sì wo búṣì àti bọ́ọ̀lù jọ́ọ̀nì. Kó ha ojú họ́ọ̀bù títí yóò fi mọ́. Kó di nọ́ọ̀tì ní ọ̀kánkán ara wọn, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú sìpánà tó ń wọn agbára. Èwo nínú èyí ló ju agbára ilé iṣẹ́ lọ?

Òfin Iṣẹ́ ọdún 1974, tó ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní, sọ ọ́ ní ìsọ̀rí 5 pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ gé owó òṣìṣẹ́ bí owó ìtanràn. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ hùwà àìtọ́, tàbí tó fi iṣẹ́ ṣeré, tí agbanisíṣẹ́ fi pàdánù, ọ̀gá ilé iṣẹ́ kò lè dá gé owó náà. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda lákọsílẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, iye tí yóò gé sì gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n. Ọ̀rọ̀ ẹnu máníjà kì í ṣe ìyọ̀ǹda.

Nítorí náà, ohun tí a ń bèèrè nìyí:

Èkíní, kí wọ́n dá owó dẹ́rẹ́bà náà padà.

Èkejì, kí wọ́n ra géèjì àti sìpánà tó ń wọn agbára sí gbogbo wákíṣọ́ọ̀pù.

Ẹ̀kẹta, kí máníjà fọwọ́ sí ohun tí dẹ́rẹ́bà bá kọ sínú ìwé ọkọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ ń gbọ̀n má sì kó èèyàn títí wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀yin dẹ́rẹ́bà, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì máa tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ̀yin ará ilé ẹ̀rọ, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ dẹ́rẹ́bà ni. Ẹ̀mí yín wà nínú bọ́ọ̀sì yẹn láràárọ̀. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀: ẹni tí sítíárìn ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ ti kígbe lẹ́ẹ̀mẹta. Ó kù kí gbogbo wa bá a kígbe.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa!