Ìmìtìtì Ilẹ̀: Ibo Ni Ewu Pọ̀ Sí Jù, Ibo Sì Ni Àwa Wà?

Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mì tìtì ní Túrkì àti Síríà ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2023, tí ẹ̀mí tó lé ní 50,000 sì bá a lọ, ó tọ́ kí olùgbé Ìpínlẹ̀ Ògùn béèrè pé: ǹjẹ́ irú rẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ wa?

Bí obì ṣe ní awẹ́, bẹ́ẹ̀ ni èèpo òkúta tó bo ilé ayé pín sí awẹ́ ńláńlá. Awẹ́ wọ̀nyí ń sún díẹ̀díẹ̀, ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ́dún. Níbi tí méjì bá ti pàdé, wọn a há mọ́ ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá já ara wọn gbà ni ilẹ̀ ń mì.

Ewu àwọn ojú ìpàdé náà kò dọ́gba. Etí Òkun Pàsífíìkì ni ó ti le jù, nítorí níbẹ̀ ni awẹ́ ìsàlẹ̀ òkun ti ń wọ abẹ́ èkejì lọ. Ìmìtìtì ìwọ̀n 9.5 tó ṣẹlẹ̀ ní Chile ní oṣù Karùn-ún ọdún 1960 ni ó tóbi jù lọ láti ìgbà tí a ti ń fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n. Ní Japan, ní oṣù Kẹta ọdún 2011, omi òkun tí ìmìtìtì gbé dìde ni ó pa ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn tó kú. Ní ti ìlà San Andreas ní California àti àwọn ìlà ilẹ̀ Túrkì, ẹ̀gbẹ́ ni awẹ́ fi ń kọjá lára ara wọn. Agbára wọn kì í tó ti Chile, ṣùgbọ́n wọ́n gba ẹ̀bá ìlú ńláńlá kọjá. Ti San Andreas ni ó ba San Francisco jẹ́ ní ọdún 1906.

Síbẹ̀, títóbi ìmìtìtì nìkan kọ́ ni ó ń pinnu iye ẹni tí yóò kú. Ní oṣù Kìíní ọdún 2010, ìmìtìtì ìwọ̀n 7.0 pa àwọn tó ju 100,000 lọ ní Haiti. Ní oṣù Kejì ọdún náà, ti ìwọ̀n 8.8 ṣẹlẹ̀ ní Chile. Agbára rẹ̀ tó ìlọ́po 500 ti Haiti, ṣùgbọ́n àwọn tó kú kò pé 600. Lóòótọ́, ti Haiti súnmọ́ olú-ìlú gan-an. Ṣùgbọ́n Chile ti ṣe òfin ìkọ́lé, ó sì ń mú un ṣẹ. Ní Port-au-Prince, ọ̀pọ̀ ilé ni sìmẹ́ǹtì àti irin rẹ̀ kò tó. Túrkì náà ní òfin tó dára, àmọ́ wọ́n gba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ onílé tí ilé wọn kò bófin mu, wọ́n sì jẹ́ kí ilé náà dúró.

Àwa ńkọ́? Nàìjíríà jìnnà sí ojú ìpàdé awẹ́, nítorí náà ewu tiwa kéré púpọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kò sí rárá. Ìmìtìtì wó ilé ní Accra ní oṣù Kẹfà ọdún 1939. Ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1984, ó mì ní Abẹ́òkúta àti agbègbè rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, ó sì mì ní Mpape ní Àbújá ní ọdún 2018. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tún ti rí ìlà kan tí àpáta ti sán láti Ifẹ̀wàrà dé Zungeru.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kàn wá nìyí: ilé ń wó ní ilẹ̀ wa láìjẹ́ pé ilẹ̀ mì. Ilé tí kò lè gbé ara rẹ̀ ró lọ́jọ́ tí ilẹ̀ dákẹ́, kí ni yóò ṣe lọ́jọ́ tí ilẹ̀ bá mì díẹ̀? Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. A rọ gbogbo onílé kí wọ́n gba ìwé àṣẹ kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, kí wọ́n má gbà kí bíríkìlà dín sìmẹ́ǹtì kù tàbí kí ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ rọ́pò èyí tí ẹnjiníà là sílẹ̀, kí wọ́n má sì kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé ìpìlẹ̀ tí kò lè gbé e.

Bí ilẹ̀ bá mì, ẹ wọ abẹ́ tábìlì tó lágbára, ẹ fi ọwọ́ bo orí, ẹ má sáré lọ sórí àtẹ̀gùn. Bí ó bá dáwọ́ dúró, ẹ jáde síta gbangba, kí ẹ sì pe 112 bí ẹnikẹ́ni bá fara pa. Ẹ má gba ẹni tó bá dá ọjọ́ fún ìmìtìtì gbọ́. Kò tíì sí onímọ̀ tó lè sọ ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀.

Ẹni iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Haiti àti Túrkì jẹ́ ẹ̀kọ́ fún wa nígbà tí ààyè ṣì wà láti tún ilé wa ṣe.